Oṣù Tí Èmi àti Tíṣà Fi Du Àgbá Oyin

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kejì oṣù kẹta

Èmi ni mò ń sọ ọ́, ìyàwó mi ló ń kọ ọ́. Mi ò mọ̀wé, òun mọ̀ ọ́n, a sì ti jọ gbà pé ohun tí mo bá sọ gan-an ni yóò kọ, ì báà bí i nínú, ì báà pa á lẹ́rìn-ín. Mo fẹ́ kí àkọsílẹ̀ wà, torí tí oṣù yìí bá parí, kálukú yóò máa sọ ọ́ bó ṣe wù ú.

Àgbá tuntun tí à ń fi yọ oyin kúrò nínú afárá ti dé. Ẹgbẹ́ olóyin ló jọ rà á. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi yí àgbá àtijọ́ fún wọn, ọwọ́ lásán ni mo fi ń yí i, kò sì sí olóyin kan ní sàkáání yìí tí oyin rẹ̀ kò gba abẹ́ ọwọ́ mi kọjá. Ẹ́ńjìnnì ló ń yí tuntun yìí. Ogún férémù, igi onígun mẹ́rin tí afárá ń wà nínú rẹ̀, ló ń gbà lẹ́ẹ̀kan, a sì ń tò wọ́n bíi sípóòkù kẹ̀kẹ́: etí kan férémù kọjú sí àárín, etí kejì kọjú sí ara àgbá. Ó ní kókó kan tí à ń yí láti fi kún eré rẹ̀, ó ní bíréèkì tí à ń fà tó bá yẹ kó dúró.

Mo yí kókó náà dé òpin lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Kí ni mo mọ̀? Àgbá ọlọ́wọ́ kì í gbọ́ràn àfi kéèyàn fi agbára bẹ̀rẹ̀. Mo gbọ́ ohùn kan bí ìgbà tí wọ́n ń fa aṣọ gbígbó ya. Nígbà tí a ṣí i, afárá mẹ́fà nínú ti Alága ẹgbẹ́ wa ti já kúrò nínú férémù wọn, ìda àti oyin ti dàpọ̀ bí ẹrẹ̀.

Alága wo inú àgbá, ó wo ojú mi. Ó ní, "Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o."

Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó dùn mí ju èébú lọ.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹrin

Ẹgbẹ́ ṣèpàdé. Káfíńtà, tó ń kan àpótí oyin fún gbogbo wa, ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní, "Ẹni tó mọ ẹṣin-ín gùn kọ́ ló mọ ọkọ̀ ọ́ wà." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, kí wọ́n má bàa rí i pé ó wọ̀ mí lára.

Alága ní lọ́jọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, ẹgbẹ́ yóò yan ẹni tí kọ́kọ́rọ́ ilé àgbá yóò máa wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kó tó dìgbà náà, èmi àti Tíṣà ni kí á máa dán àgbá náà wò, ká wá bí kò ṣe ní máa fọ́ afárá mọ́.

Àbúrò mi ni Tíṣà, ọmọ ìyá mi. Ogójì ọdún ló fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìṣirò àti bí nǹkan ṣe ń rìn tó ń dúró. Ó fẹ̀yìn tì lọ́dún tó kọjá, ó padà wálé, ó ra àpótí oyin mẹ́ta, ó di olóyin. Ọdún kan péré! Kò tíì kórè rí. Òun ni wọ́n sì fi sí ẹ̀gbẹ́ mi.

Nígbà tí mo délé tí mo sọ fún ìyàwó mi, ó ní, "Ẹ̀n-ẹ́n, ọkọ mi mọ̀wé."

Ọkọ mi tó ń wí yẹn, èmi kọ́ o. Tíṣà ni. Bí ìyàwó ilé ṣe ń pe àbúrò ọkọ náà nìyẹn, mo ti ń gbọ́ ọ láti ọjọ́ tí mo ti gbé e níyàwó, kò dùn mí rí. Lónìí ó dùn mí. Ó ní ṣé kí òun kọ ìyẹn náà. Mo ní kó kọ ọ́.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ karùn-ún

Ooru. Ìgò oyin ti tún gbówó lórí, ìdérí rẹ̀ kò sì le tó ti ẹ̀ẹ̀kan.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ keje

Tíṣà dé sí ilé àgbá láàárọ̀ pẹ̀lú ìwé, rúlà àti fóònù. Bàtà tó ń dán ló wọ̀ wá síbi tí oyin ti ń kán sílẹ̀. Ìyàwó mi gbé àga fún un. Mo ronú títí, mi ò rántí ọjọ́ tí ẹnikẹ́ni gbé àga fún mi nídìí àgbá.

Ó fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí férémù òfìfo kan, ó ní kí n tan ẹ́ńjìnnì bí mo ṣe tan án lọ́jọ́ tí afárá fọ́. Ó fi fóònù ya fídíò rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ń wo àwòrán yẹn díẹ̀díẹ̀, ó ń kọ nǹkan sílẹ̀, ó ń mi orí.

"Ẹ̀gbọ́n, nǹkan méjì ló ń ṣẹlẹ̀ sí afárá lẹ́ẹ̀kan náà."

"Ẹyọ kan ni mo mọ̀. Àgbá ń jù ú síta."

"Kò jù ú síta o. Afárá fẹ́ máa lọ tààrà ni tirẹ̀. Àgbá ló ń fà á wọlé pé kó yà, kó yà, kó yà. Ìfà yẹn kọjú sí àárín, ó sì wà níbẹ̀ kódà bí eré àgbá kò bá pọ̀ sí i tí kò sì dín. Ìkejì rèé: bí eré bá ń pọ̀ sí i, àgbá tún ń ti afárá láti ẹ̀yìn pé kó yára, kó yára. Ìyẹn kọjú sí ibi tó ń lọ."

Mo ní kó fi nọ́ńbà sí i, kí n rí bó ṣe mọ̀ ọ́n tó.

Ó ní láti àárín àgbá dé ibi tí òun sàmì sí jẹ́ ìdajì mítà. Ó ní òun mú ìgbà kan nínú àwòrán náà tí eré àmì yẹn jẹ́ mítà méjì ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Kí á sọ méjì di méjì lọ́nà méjì, ó di mẹ́rin. Kí á pín mẹ́rin sí ìdajì mítà yẹn, ó di mẹ́jọ.

"Dúró ná," mo ní. "O pín mẹ́rin, o wá gba mẹ́jọ?"

"Bẹ́ẹ̀ ni. Ìdajì mélòó ló wà nínú mẹ́rin, ẹ̀gbọ́n?"

"Áà! Kí ló dé tí o kò sí nílé lọ́jọ́ tí wọ́n pín ilẹ̀ bàbá wa? Ìdílé wa ì bá ti lọ́lá."

Ìyàwó mi rẹ́rìn-ín. Mo rò pé ọ̀rọ̀ mi ló dùn mọ́ ọn, àfi ìgbà tí mo wò ó tí mo rí i pé ojú Tíṣà ló ń wò.

Tíṣà ní mẹ́jọ yẹn ni ìfà ti àárín. Ti ìtì ẹ̀yìn, ó ní láti òdo dé mítà méjì yẹn, ìdá kan nínú mẹ́ta ìṣẹ́jú àáyá ni àgbá fi ṣe é. Bó bá ń bá a lọ bẹ́ẹ̀, mẹ́fà ni yóò máa fi kún eré rẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Ó kọ mẹ́jọ, ó kọ mẹ́fà, ó gbé orí sókè wò wá.

"Àpapọ̀ rẹ̀ ló fọ́ afárá."

"Mẹ́rìnlá," mo yára dáhùn. Mi ò fẹ́ kó sọ ọ́ ṣáájú mi.

"Mẹ́wàá ni, ẹ̀gbọ́n."

Mo dìde, mo lọ fọ ọ̀bẹ. Wọ́n máa ń ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Lọ́dọ̀ Tíṣà, ó lè kéré sí i. Ẹni tó pín mẹ́rin tó di mẹ́jọ, tó ro mẹ́jọ mọ́ mẹ́fà tó di mẹ́wàá, ṣé ẹni tí wọn yóò gbé kọ́kọ́rọ́ fún nìyẹn?

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹjọ

Mẹ́wàá yẹn kò jẹ́ kí n jẹun dáadáa.

Mo lọ sí oko lọ wo àpótí mẹ́rin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà. Igun ọgbà yẹn, èmi àti bàbá wa la jọ wọ̀n ọ́n. Okùn oníkókó ni bàbá wa máa ń lò. Ẹ wọn kókó mẹ́fà lọ sí apá kan, ẹ kan èèkàn. Ẹ wọn kókó mẹ́jọ lọ sí apá kejì, ẹ kan èèkàn. Ẹ wá na okùn láti èèkàn dé èèkàn. Bí igun bá gún, mẹ́wàá ni yóò jẹ́, kò ní jẹ́ mọ́kànlá, kò ní jẹ́ mẹ́sàn-án. Bí kò bá pé mẹ́wàá, ẹ sún èèkàn.

Mo dúró nígun ọgbà náà bí ẹni tí wọ́n lù lórí. Ìfà kan lọ sí àárín, ìtì kan lọ sí iwájú, wọ́n fi igun síra wọn. Wọn kì í tẹ̀lé ara wọn lójú ọ̀nà kan náà tí èèyàn yóò fi rò wọ́n pọ̀ sí mẹ́rìnlá. Ọ̀nà tó gé àárín wọn kọjá ni afárá ń gbà, ọ̀nà náà sì jẹ́ mẹ́wàá. Mo ti mọ èyí kí Tíṣà tó mọ bí wọ́n ṣe ń di okùn bàtà.

Ẹnì kan ṣoṣo ni bàbá wa lè rán nílé ìwé. Ó ní kí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò yá lóko lọ. Iṣẹ́ tí mo mọ̀ ọ́n ṣe ló pa mí lára.

Mo gba ilé Tíṣà lọ tààrà. Mo sọ ọ̀rọ̀ okùn fún un. Ojú rẹ̀ tàn bí ojú ọmọ ìkókó.

"Ẹ̀gbọ́n! Mo fi gbogbo ayé mi kọ́ àwọn ọmọ ní nǹkan yìí, mi ò mọ̀ pé bàbá wa mọ̀ ọ́n!"

"Báwo lo ṣe fẹ́ mọ̀? Nígbà tí à ń wọn igun, ilé ìwé lo wà."

Mo fẹ́ kó dùn ún. Ńṣe ló dì mọ́ mi.

Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ó ti sọ ọ́ fún gbogbo ayé. Káfíńtà pàdé mi lójú ọ̀nà, ó ní, "Bàbá, Tíṣà ń sọ ìtàn okùn kan fún wa, ó dùn gan-an ni! Ẹ wà nínú ẹ̀ náà." Mo wà nínú ẹ̀ náà! Ohun kan ṣoṣo tí bàbá wa fún mi tí kò fún un, ó ti di ìtàn tirẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹwàá

Òjò fọ́n díẹ̀. Àwọn kòkòrò oyin kò jáde. Tíṣà jáde.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹtàlá

Mo fẹ́ fi ojú ara mi rí i. Èmi nìkan ni mo lọ sí ilé àgbá. Mo mú pákó pẹlẹbẹ kan, mo kan ìṣó kékeré sí àárín rẹ̀, mo fi rọ́bà so nọ́ọ̀tì irin kan mọ́ ìṣó náà, mo wá bu ìyẹ̀fun wọ́n orí pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Mo dè é mọ́lẹ̀ síbi tí férémù máa ń wà. Ibi tí nọ́ọ̀tì bá rìn dé, ìyẹ̀fun ni yóò sọ.

Mo yí kókó dé òpin lẹ́ẹ̀kan. Nọ́ọ̀tì kọ́kọ́ fà sẹ́yìn, bí ẹni tí ọkọ̀ gbéra lójijì tó jókòó lórí ọmọ ọlọ́mọ, lẹ́yìn náà ló wá yí síta díẹ̀díẹ̀. Ipa rẹ̀ tẹ̀ bí dòjé.

Mo tún ìyẹ̀fun wọ́n. Lọ́tẹ̀ yìí mo yí kókó náà díẹ̀, mo ka oókan dé ogún kí n tó yí i dé òpin. Ipa náà lọ síta tààrà, ẹ̀yìn tó fà sí kò tó ìbú èékánná.

Mo jókòó, mo rò ó. Afárá rí bí ilẹ̀kùn, ó gùn, ó sì pẹlẹbẹ. Bí a bá fà á ní gígùn rẹ̀, wáyà inú férémù ń dì í mú. Bí a bá tì í láyà, kò sí ohun tó dì í mú, pàápàá ìda tuntun tí oyin ṣì kún inú rẹ̀. Ìfà àárín, gígùn ló ń fà á. Ìtì ẹ̀yìn, àyà ló ń tì. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ kí afárá yè, kó má ṣe kánjú fi kún eré. Mi ò bi ẹnikẹ́ni, mi ò pín mẹ́rin fún ìdajì.

Mo tún rí nǹkan kan nígbà tí mo fa bíréèkì. Mi ò ní sọ ọ́.

Ìyàwó mi ní kí ni nǹkan náà. Mo ní kó kọ pé mi ò ní sọ ọ́. Ó ti kọ ọ́.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Mo fún oyin tèmi lónìí, férémù mẹ́rìndínlógún. Mo yí kókó díẹ̀díẹ̀, mo ka ogún. Nígbà tí oyin jáde tán, mo pa ẹ́ńjìnnì, mo jẹ́ kí àgbá náà rìn títí ó fi rẹ̀ ẹ́ fúnra rẹ̀. Mi ò fọwọ́ kan bíréèkì. Ìyàwó mi ní ṣé a óò sùn síbẹ̀ ni. Mo ní kò sí ìkánjú.

Afárá kan kò sán. Gbogbo wọn jáde ní funfun, odindi, bí ìgbà tí wọ́n wọlé. Alága gbé ọ̀kan sókè síwájú oòrùn, ó wò ó látòkè délẹ̀. Inú mi dùn dé ibi tí ó máa ń dùn dé nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ọ́.

Tíṣà pàtẹ́wọ́. Ó ní òun náà ti ṣírò rẹ̀ ní Ọjọ́bọ̀, ó bọ́ sí kíka ogún gẹ́lẹ́. Ni Káfíńtà bá lu itan, ó ní, "Ìwé dára o! Ẹ rí i bí Tíṣà ṣe là á kalẹ̀ tí bàbá kàn fọwọ́ yí i!"

Kàn fọwọ́ yí i. Kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Tíṣà ní rárá, pé ẹ̀gbọ́n òun ló wá a rí fúnra rẹ̀. Wọ́n ní ẹ ò rí i bó ṣe ń rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀, ọmọlúwàbí ni.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kọkàndínlógún

Tíṣà kórè àkọ́kọ́ rẹ̀. Férémù méjìlá. Ó nu ọ̀kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń nu ojú ọmọ. Ìyàwó mi bá a ṣí ìdérí ìda kúrò, wọ́n ń ṣàwàdà.

Ó yí kókó díẹ̀díẹ̀, ó ka ogún sókè kí gbogbo èèyàn gbọ́. Kò sí ohun tó sán. Àgbá wọ eré rẹ̀, oyin bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ lára àgbá bí òjò. Káfíńtà ń yin ìwé. Ó tó ìdajì, Tíṣà ní òun fẹ́ dá a dúró kí òun wo bí wọ́n ṣe ṣẹ́ kù. Ó na ọwọ́ sí bíréèkì, ó fà á.

Ohùn aṣọ gbígbó yẹn la tún gbọ́.

Méjèèjìlá. Kò ku ẹyọ kan. Tíṣà ki ọwọ́ sínú ẹrẹ̀ ìda yẹn títí dé ìgúnpá, ó ń wá èyí tó kù odindi. Mo ní, "Pẹ̀lẹ́." Ìyàwó mi mú un jókòó, ó fi omi tútù fọ ọwọ́ rẹ̀, ó nu ún. Èmi tí mẹ́fà fọ́ lọ́wọ́ mi, "ẹ kú iṣẹ́" ni mo gbà. Ẹni tí méjìlá fọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, omi tútù àti aṣọ ìnuwọ́. Gbogbo ẹgbẹ́ yí i ká bí ẹni tí ó ṣọ̀fọ̀.

Ìyàwó mi ti ń ṣí ìwé yìí padà sẹ́yìn báyìí. Mo ní kí ló ń wá. Ó ní ọjọ́ Ẹtì

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrìnlélógún

Ọjọ́ márùn-ún ni ìwé yìí fi yadi. Ìyàwó mi ló gbé báírò sílẹ̀. Báyìí ló ṣe ṣẹlẹ̀.

Ó ka ojú ewé ọjọ́ Ẹtì fún mi: *Mo tún rí nǹkan kan nígbà tí mo fa bíréèkì. Mi ò ní sọ ọ́.* Ó ní, "Bàbá wọn, ṣé ohun tí ẹ rí nìyí?"

Mo fa ọ̀bẹ oyin mi yọ, mo ń nu ún.

"Ẹ mọ̀ pé bíréèkì yóò fọ́ ọ."

"Mi ò sọ fún un pé kó fà á."

"Ẹ ò sọ fún un pé kó má fà á." Ó ti ìdérí báírò bọ̀ ọ́. "Ọwọ́ mi ni mo fi kọ ọ̀rọ̀ yẹn. Mi ò ní kọ òmíràn títí ẹ ó fi lọ bá ọkọ mi."

Mo ní kò burú. Mo lọ bá Káfíńtà pé kó wá máa kọ ọ́ fún mi. Ó mú pẹ́ńsùlù, mo sọ̀rọ̀ fún bí wákàtí kan. Nígbà tí mo ní kó kà á fún mi, ohun tó kọ ni, "Bàbá. Inú ń bí i. Ìbú rẹ̀ kò ṣeé wọ̀n." Ó ní ìwọ̀n pákó nìkan lòun mọ̀ ọ́n kọ.

Láàárọ̀ yìí, mo lọ sílé Tíṣà.

Ìwé rẹ̀ wà níwájú rẹ̀. Kò dìde. Ó ní, "Ẹ jókòó, ẹ̀gbọ́n. Mo ti rí i. Nígbà tí mo fà á, eré jẹ́ mẹ́rin. Mẹ́rin lọ́nà mẹ́rin, pín in sí ìdajì mítà, ìfà àárín jẹ́ méjìlélọ́gbọ̀n. Bíréèkì dá a dúró ní ìdajì ìṣẹ́jú àáyá, ìyẹn jẹ́ mẹ́jọ, ó sì kọjú sẹ́yìn. Àpapọ̀ méjèèjì kò pé mẹ́tàlélọ́gbọ̀n. Bí wọ́n bá fi han mí lọ́jọ́ yẹn, ǹ bá ní méjìlélọ́gbọ̀n, mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, kí ni ìyàtọ̀ wọn? Ṣùgbọ́n mẹ́jọ yẹn, àyà afárá ló lù. Kì í ṣe bó ṣe pọ̀ tó nìkan, ibi tó kọjú sí ni. Gbogbo ìgbà tí mo ń ṣírò, fífi kún eré nìkan ni mò ń rò. Mi ò ro dídín in kù. Ohun tí mo máa ń fi ìbínú kọ sí ìwé àwọn ọmọ nìyẹn: ẹ má gbàgbé pé dídúró náà jẹ́ ìyípadà eré."

"Mo mọ̀," mo ní.

"Ẹ mọ kí ni?"

"Nọ́ọ̀tì mi fò síwájú nígbà tí mo fa bíréèkì. Ó fò débi pé rọ́bà já."

"Nígbà wo?"

"Ọjọ́ Ẹtì. Kí o tó kórè."

Ó gbé báírò rẹ̀ sílẹ̀. Mo gbọ́ tí àwọn kòkòrò oyin ń kùn lẹ́yìn ilé.

"Nígbà tí mo na ọwọ́ sí bíréèkì," ó ní, "ẹ ti mọ̀."

"Mo ti mọ̀."

"Ẹ sì ń wò mí."

"Mo ń wò ọ́."

Mo rò pé yóò bi mí pé kí ló dé. Mo ti to èsì sílẹ̀: okùn, ilé ìwé, àga, "ọkọ mi", gbogbo rẹ̀. Kò bi mí. Ó pa ìwé rẹ̀ dé, ó ní, "Ẹ máa lọ sílé, ẹ̀gbọ́n." Láti ìgbà tí a ti dáyé, ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí kò sìn mí dé ẹnu ọ̀nà.

Ìyàwó mi ti kọ gbogbo rẹ̀. Kò sọ pé mo ṣe dáadáa. Ó kàn ń kọ.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n

Afẹ́fẹ́ gbẹ. Òdòdó inú igbó ti ń rẹ̀ dànù. Bó pẹ́ tán, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló kù fún àwọn kòkòrò láti rí nǹkan mu. Tíṣà kò wá.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n

Gbogbo ẹgbẹ́ pé sí ilé àgbá. Tíṣà jókòó sẹ́yìn pátápátá. Mo wò ó, kò wò mí. Mo mọ̀ pé yóò sọ ọ́. Mo ti múra ìjà sílẹ̀, mo tilẹ̀ fẹ́ kó sọ ọ́. Bó bá sọ ọ́, èmi náà yóò sọ tèmi láti ìbẹ̀rẹ̀, láti ọjọ́ tí wọ́n ran aṣọ ilé ìwé fún un tí mo gbé ọkọ́.

Alága ní ta ló ní ọ̀rọ̀. Tíṣà dìde.

"Ẹ̀gbọ́n mi ló mọ àgbá yìí jù mí lọ. Ó mọ bó ṣe ń bẹ̀rẹ̀, ó mọ bó ṣe ń dúró. Èmi mọ ìdajì, ìdajì tí mi ò mọ̀ ló fọ́ afárá mi. Ẹ gbé kọ́kọ́rọ́ fún un."

Ó jókòó. Kò fi ẹyọ ọ̀rọ̀ kan kún un.

Káfíńtà ní, "Ẹ wò ó, Tíṣà fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́!" Wọ́n pàtẹ́wọ́. Alága kó kọ́kọ́rọ́ lé mi lọ́wọ́, ó ní, "Bàbá, ẹ kú iṣẹ́," lọ́tẹ̀ yìí ó rẹ́rìn-ín sí i.

Mo wà lórí ìdúró bí òpó. Ó fi aṣọ bò mí ní gbangba, aṣọ náà sì wúwo. Kò jẹ́ kí n rí ibi tí n óò gbá mú. Ohun tí mo fẹ́ láti ọjọ́ kejì oṣù yìí ti wà lọ́wọ́ mi, síbẹ̀ mò ń jowú ẹni tí kò rí i gbà. Ta ló kọ́ ọ ní irú ìyẹn? Bàbá wa kò kọ́ mi.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n

Afárá tó fọ́, ìda rẹ̀ kì í ṣe ohun tí kòkòrò ń mọ ní ọjọ́ kan. Wọn yóò jẹ oyin tó pọ̀ kí wọ́n tó rí ìda díẹ̀ mọ. Kí àwọn ti Tíṣà tó mọ méjìlá mìíràn, òdòdó ti tán. Kò ní kórè kankan mọ́ lọ́dún yìí. Gbogbo olóyin ló mọ èyí, kò sí ẹni tó ń sọ ọ́ sókè.

Mo lọ ka afárá tèmi, àwọn mẹ́rìndínlógún tó jáde ní funfun. Mo mú méjìlá nínú wọn. Mi ò mú èyí tí kò dáa tó. Mo fẹ́ mú èyí tí kò dáa tó, kọ ìyẹn náà, ọwọ́ mi tilẹ̀ ti kan án, mo dá a padà.

Mo gbé wọn lọ sẹ́yìn ilé Tíṣà. Mi ò kan ilẹ̀kùn. Mo fín èéfín sí àpótí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mo ń tò wọ́n wọlé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo ti to mẹ́jọ nígbà tí mo gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó dúró lọ́nà jíjìn, kò wọ ẹ̀wù oyin.

Ó ń wo bí mo ṣe ń tò wọ́n.

"Férémù kẹta yẹn wọ́."

"Kò wọ́."

"Ó wọ́, ẹ̀gbọ́n. Ẹ fi rúlà wọ̀n ọ́n."

"Rúlà rẹ ló wọ́."

Kò rẹ́rìn-ín. Ó wọlé lọ, ó wọ ẹ̀wù, ó jáde padà, ó gba ohun èéfín lọ́wọ́ mi. Ó ń fín in, mo ń to mẹ́rin tó kù. Nígbà tí a padà sórí ìkẹta yẹn, ó ti í pẹ̀lú àtàǹpàkò títí ó fi gún. Ó wọ́ lóòótọ́.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin

Mo gba ẹ̀yìn ilé Tíṣà kọjá, mo ṣí àpótí wò. Ọjọ́ mẹ́ta péré ni, àwọn kòkòrò rẹ̀ ti fi oyin kún méje nínú méjìlá fún un, wọ́n ti ń bo òmíràn ní ìdérí. Ìda mi ni, férémù mi ni, òdòdó kan náà là ń lò. Àwọn kòkòrò tèmi kò ṣe é tó bẹ́ẹ̀ fún mi rí.